Fọ́tò Inú Pọ̀tọ̀pọ́tọ̀

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Òpópónà Ìdí-Ọsàn,
                                        Ìlaròó,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ìyá Ẹ̀ríolúwa,

Mo kí ọ, mo tún kí ọ, mo kí gbogbo ilé. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn Bàbá Ẹ̀ríolúwa nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ti fi wọ́n sílẹ̀? Ẹ kú òtútù Jọ́ọ̀sì o. Mo gbọ́ pé Ẹ̀ríolúwa ti ń fi Haúsá bá àwọn ọmọ àdúgbò jà bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Bá mi fà á létí díẹ̀, kó má baà gbàgbé Yorùbá kó tó wá kí mi lópin ọdún.

Ní tiwa níhìn-ín, ọpẹ́ ni. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, Aishat ti wọlé ẹ̀kọ́ girama, ara mi náà sì le. Bàbá Aishat wà, wọ́n ń kí ọ, àmọ́ wọ́n ti yí orúkọ mi padà. Wọn kì í pè mí ní Túnbọ̀sún mọ́. “Olóòtú” ni wọ́n ń pè mí. Bí ebi bá ń pa wọ́n, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n á ní ṣé Olóòtú ti gbé ìkòkò kaná àbí ó ṣì ń ka ìwé. Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Ó gùn ju ohun tí a lè fi fóònù sọ lọ, mo sì fẹ́ kí o fara balẹ̀ kà á.

O rántí Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìyá tí ìwọ náà ń bá wa ṣe kí ẹ tó kó lọ sókè Ọya. O mọ̀ pé ọdọọdún la máa ń pinnu pé a ó gbé ìwé ìròyìn jáde fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, tí ọdún á sì parí láìsí ìwé, láìsí ìròyìn. Lọ́dún yìí, Alàgbà Oyèkúnlé, alága wa, fárígá. Wọ́n ní dandan ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá olóòtú nípàdé, gbogbo wa sì tẹjú mọ́lẹ̀. Fóònù mi dún, mo jáde lọ gbọ́ ọ. Nígbà tí n ó fi padà wọlé, gbogbo ilé ń pàtẹ́wọ́. Èmi náà bá wọn pàtẹ́wọ́ tọkàntọkàn. Ìgbà tí mo jókòó ni mo tó bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé ta ni wọ́n yàn. Ó ní, “Ìwọ ni.”

Bí mo ṣe di olóòtú nìyẹn. Mo kọ ìkéde sórí Wọ́sáàpù ẹgbẹ́ pé kí oníkálukú fi ìtàn kan ránṣẹ́, kó fi fọ́tò tó hàn kedere tì í, kó sì kọ orúkọ àwọn tó wà nínú fọ́tò náà láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún. Mo wá fi òfin kan kún un, inú mi sì dùn sí ara mi gidi nígbà tí mo kọ ọ́: a kò ní tẹ fọ́tò kankan jáde àyàfi tí gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n. Ìjàngbọ̀n ni mo fọwọ́ ara mi kọ.

Àmọ́ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí nínú àwọn fọ́tò náà. Mẹ̀dínátù, akọ̀wé ẹ̀ka Òkè-Ọ̀dàn, fi èyí tí fóònù ti bá a fọ ojú rẹ̀ mọ́ ránṣẹ́, ó mọ́ débi pé imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọnù. Mo pàdé ọkọ rẹ̀ lọ́jà, mo fi hàn án. Ó wò ó títí, ó ní, “Ọmọ ta nìyí?” Kọ́mọláfẹ́ ti Ihunbo náà fi fọ́tò ara rẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ ńlá kan tó wú lóko rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ̀gẹ́ náà hàn tán porogodo, ṣùgbọ́n ọrùn ni Kọ́mọláfẹ́ parí sí, kò sí orí. Mo ní kó lọ tún un yà. Ó ní ẹ̀gẹ́ ọ̀hún ti di gàrí. Arákùnrin kan ní Ayétòrò, tí n kò ní dárúkọ nítorí pé o mọ ìyàwó rẹ̀, kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀, ó kọ ọ́ lọ rẹrẹ, ìwé kún tán, kò tíì kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Àárín ìgbà yìí ni Bàbá Akínladé wọlé dé. O ò lè gbàgbé wọn, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ pé tí o bá sọ̀rọ̀ nípàdé, wọ́n á kọ́kọ́ tún Yorùbá rẹ ṣe kí wọ́n tó fèsì ohun tí o sọ. Wọn kò fi nǹkan kan ránṣẹ́ lórí fóònù. Wọ́n wọ agbádá, wọ́n dé fìlà, wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn rìn wá sílé wa, wọ́n sì yọ fọ́tò kan tí wọ́n fi ańkáṣíìfù funfun wé.

Fọ́tò àtijọ́ ni, àwọ̀ rẹ̀ ti ń ṣí. Bọ́ọ̀sì kan ló wà nínú rẹ̀ tí táyà rẹ̀ kan ti rì sínú ẹrẹ̀. Níwájú bọ́ọ̀sì náà, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì dì mọ́ ara wọn léjìká. Aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀, tàbí kí n sọ pé aṣọ tó ti jẹ́ funfun láàárọ̀ ọjọ́ náà, torí pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ti gba gbogbo rẹ̀ títí dé àyà. Ọ̀kan ni Bàbá Akínladé. Ìkejì, tí n kò bá purọ́, ó yà mí lẹ́nu: Bàbá Ọ̀ṣunníyì ti Ìwòyè-Kétu ni.

O mọ̀ pé àwọn méjèèjì kì í bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́, bóyá o kàn ò mọ ìdí rẹ̀ ni. Fọ́tò yìí gan-an ni. Ọjọ́ tí wọ́n ń lọ dá ẹ̀ka Ìwòyè sílẹ̀ ni òjò rọ̀, bọ́ọ̀sì sì há sínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn Ìmẹ̀kọ. Gbogbo èèyàn bọ́ sílẹ̀ láti tì í, àwọn méjèèjì sì ṣubú. Gẹ́gẹ́ bí Bàbá Akínladé ṣe máa ń sọ ọ́, Bàbá Ọ̀ṣunníyì ló kọ́kọ́ ṣubú, òun ló fa àwọn lulẹ̀, ó sì wá bú sẹ́kún bí ọmọdé, tó ń pariwo “Yéè, ìyá mi o!” Wọ́n sọ ọ́ nípàdé, wọ́n sọ ọ́ níbi ìkómọ, kò burú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìgbéyàwó àkọ́bí Bàbá Ọ̀ṣunníyì, wọ́n fún Bàbá Akínladé láyè kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ rere nípa bàbá ìyàwó, wọ́n sì sọ ìtàn yìí níwájú àwọn àna, wọ́n tilẹ̀ fi ohùn ẹkún náà dárà. Àwọn àna rẹ́rìn-ín títí. Bàbá Ọ̀ṣunníyì dìde kúrò níbẹ̀. Wọ́n kó padà sí Ìwòyè nígbà tó yá, wọn kò sì tẹ ilé ìpàdé Ìlaròó mọ́ láti ìgbà náà.

Ìtàn yìí kan náà ni Bàbá Akínladé kọ wá, pẹ̀lú gègé, ó dùn-ún kà. Mo ní, “Bàbá, òfin wà o. Bàbá Ọ̀ṣunníyì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.”

Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo gba òdo nínú ìṣirò. “Ta ló ṣòfin yẹn?”

“Èmi ni, sà.”

“Ìwọ náà ni kó o lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.” Wọ́n dé fìlà wọn, wọ́n lọ.

Mo pe Ìwòyè. Ifákẹ́mi, ọmọbìnrin Bàbá Ọ̀ṣunníyì tó ń tọ́jú wọn, ló gbé e. Mi ò tíì ṣàlàyé tán tí mo gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ lẹ́yìn: “Sọ fún un pé ọjọ́ tí wọ́n bá tẹ fọ́tò yẹn jáde, èmi àti gbogbo ẹ̀ka Ìwòyè ti jáde nínú ẹgbẹ́ nìyẹn!” Mo sáré pe Alàgbà Oyèkúnlé. Wọ́n ní kí n yọ fọ́tò náà kúrò kíá. Ọ̀rọ̀ yìí dé etí Bàbá Akínladé, àwọn náà ní tí a bá yọ fọ́tò àwọn, kí a yọ orúkọ àwọn náà kúrò nínú ẹgbẹ́, àwọn tí àwọn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀. Mo tún pe Alàgbà. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, “Olóòtú, yanjú ẹ̀,” wọ́n pa fóònù.

Bímpé ọ̀rẹ́ mi, inú bí mi. Ìwé ìròyìn tí a kò tíì tẹ̀ ti fẹ́ tú ẹgbẹ́ ká! Mo mú fọ́tò náà, mo wọkọ̀ lọ sí Ayétòrò, mo gba ibẹ̀ dé Ìmẹ̀kọ. Ọlọ́kadà tó gbé mi láti Ìmẹ̀kọ kí mi ní Faransé, torí ẹnu ibodè ni ibẹ̀, mo fi Yorùbá dá a lóhùn, a sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ bẹ́ẹ̀ títí a fi dé Ìwòyè, tí eruku sì ti sọ èmi náà di ará inú fọ́tò.

Mo bá Bàbá Ọ̀ṣunníyì lábẹ́ àtíbàbà iwájú ilé wọn, wọ́n ń yọ àgbàdo gbígbẹ kúrò lára ṣùkù rẹ̀ sínú àtẹ. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n béèrè ọkọ, wọ́n béèrè ọmọ, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ orí mi ni wọ́n ń wò. Mo na fọ́tò náà sí wọn. Ọwọ́ mi wà nínú afẹ́fẹ́ níbẹ̀, wọn kò gbà á. Mo rò pé ìbínú ni. Ifákẹ́mi ló bẹ̀rẹ̀, ó sọ ọ́ sí mi létí.

“Àǹtí, Bàbá ò ríran mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ojú wọn ń lọ, kó tó wá lọ tán lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ará Ìlaròó gbọ́.”

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ láti ilé fò lọ. Bàbá ní, “Kí lo mú wá tó ò fi sọ̀rọ̀ mọ́?”

Mo ní, “Fọ́tò yẹn ni, Bàbá.”

Wọ́n gbé ṣùkù ọwọ́ wọn sílẹ̀. Wọ́n ní, “Sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi.”

Mo jókòó sórí àpótí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Mo sọ bọ́ọ̀sì, mo sọ táyà tó rì, mo sọ aṣọ funfun. Wọ́n bi mí pé ta ni ẹrẹ̀ ara rẹ̀ pọ̀ jù. Mo ní ẹrẹ̀ náà kò yàn, ó kárí. Wọ́n ní, “Wo ìdí Akínladé dáadáa.” Mo ní ìdí Bàbá Akínladé kò hàn nínú fọ́tò, sà. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn láìròtẹ́lẹ̀. Wọ́n ní, “Ojú rẹ̀ ńkọ́?” Mo ní, “Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n di èjìká yín mú gírígírí. Ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú yín pọ́n.”

“Ó yẹ kó pọ́n,” ni wọ́n wí. Wọ́n wá sọ ohun tí n kò retí. “Akínladé ti sọ fún gbogbo ayé pé mo sunkún. Kò purọ́, mo sunkún. Ṣùgbọ́n kò bi mí rí ohun tó pa mí lẹ́kún. Òun ló kọ́kọ́ ṣubú. Bó ṣe ṣubú ni bọ́ọ̀sì yọ̀ padà sẹ́yìn. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, n ò rí i. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bọ́ọ̀sì, bàtà rẹ̀ kan ni mo rí. Mo rò pé ó ti tán nìyẹn. Mo ti ń ro ohun tí n ó sọ fún ìyá rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo ké. Àṣé ó ti yí gbirigbiri lọ sí òdì kejì. Ó dìde láàárín ẹrẹ̀, ó rí mi tí mò ń ké, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí rẹ́rìn-ín.”

Mo ní, “Bàbá, ẹ ò wá sọ fún wọn?”

“Ẹni tó ń fi ẹkún èèyàn rẹ́rìn-ín, báwo lèèyàn ṣe máa sọ fún un pé òun lèèyàn ń sunkún fún? Mo bá a rẹ́rìn-ín ni. Nígbà tó yá, ó di ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó wá sọ ọ́ níwájú àwọn àna mi. N ò lè sọ òótọ́ níbẹ̀, n ò sì lè bá wọn rẹ́rìn-ín.”

Mo bi wọ́n pé ṣé kí n lọ sọ ọ́ fún Bàbá Akínladé. Wọ́n ní rárá o. “Ṣé kì í ṣe ìwé ìròyìn lẹ̀ ń ṣe ni? Tẹ fọ́tò yẹn. Tẹ ìtàn tirẹ̀. Tẹ tèmi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó gùn tó o. Jẹ́ kó kà á níbi tí gbogbo èèyàn bá ti ń kà á.” Bí wọ́n ṣe sọ̀rọ̀ sínú fóònù mi nìyẹn, láìkọsẹ̀, bí ẹni tó ti ń há a sórí láti ọjọ́ pípẹ́. Ifákẹ́mi tẹ ohùn wọn síta kí wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì ní kí a pa gbólóhùn kan rẹ́, àwọn fẹ́ tún un sọ kó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí Bàbá Akínladé ti kọ́kọ́ ṣubú ni.

Mo padà sílé. Ìyá Ẹ̀ríolúwa, o mọ ẹnu mi. Ẹnu tí kò lè pa oyún ọmọ aládùúgbò mọ́ ni mo fi pa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ títí àwọn tó ń tẹ̀wé fi parí iṣẹ́. Bàbá Akínladé ń pè mí ṣáá: ó gbà? Mo ní, wọ́n gbà, sà. Báwo ló ṣe gbà? Mo ní, wọ́n kàn gbà ni, sà.

Ọjọ́ Sátidé la pín ìwé náà nílé ìpàdé. Inú gbogbo èèyàn dùn. Mo kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò Ihunbo pé, “Ẹ̀gẹ́ Arákùnrin Kọ́mọláfẹ́, àti Arákùnrin Kọ́mọláfẹ́ títí dé ọrùn,” òun gan-an sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mẹ̀dínátù ń fi tirẹ̀ han gbogbo ẹni tó wọlé. Àmọ́ Bàbá Akínladé ni mò ń wò. Wọ́n ka ìtàn tiwọn, wọ́n ń mi orí sí Yorùbá ara wọn. Wọ́n ṣí i sí òdì kejì. Ẹ̀rín ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n kà á tán, wọ́n tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n dìde, wọ́n jáde. Wọ́n gbé ìrẹsì síwájú àga wọn, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́. Alàgbà Oyèkúnlé wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Èmi náà kò lè jẹun dáadáa, ẹran nìkan ni mo jẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá Nímọ́tà, ìyàwó Bàbá Akínladé, pè mí: “Túnbọ̀sún, níbo lẹ rán ọkọ mi lọ? Ó ti jáde láti kùtù, kò mu ẹ̀kọ, ìwé yín ló mú dání!” Ara mi kò balẹ̀ mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ni Ifákẹ́mi tó pè. N kò mọ̀ bóyá ẹkún ló ń sun tàbí ẹ̀rín ló ń rín.

Ó ní Bàbá Akínladé sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, wọ́n dúró síwájú bàbá òun. Wọ́n kàn na ìwé ìròyìn náà sí i. Bàbá rẹ̀ ní, “Ta ló dé ilé onílé tí kò kí èèyàn?” Ìgbà yẹn ni Bàbá Akínladé wo ojú ọ̀rẹ́ wọn dáadáa, tí ó sì yé wọn. Ifákẹ́mi ní wọ́n fi ọwọ́ wá àpótí kí wọ́n tó jókòó.

“Ọ̀ṣunníyì, èmi ni,” ni wọ́n wí. “Jẹ́ n kà á fún ọ.”

Wọ́n ka tiwọn pẹ̀lú ohùn ọ̀gá iléèwé. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ìkejì. Nígbà tí wọ́n dé ibi ìṣubú, wọ́n kà á pé, “Èmi àti Akínladé jọ ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà.”

“Akínladé, èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ohun tó wà níbí nìyẹn.”

“Ojú mi ló fọ́, etí mi ò di. Kà á bí mo ṣe sọ ọ́.”

Wọ́n kà á bí ọ̀rẹ́ wọn ṣe sọ ọ́. Wọ́n kà á títí dé ibi bàtà abẹ́ bọ́ọ̀sì, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé ìwé náà sórí itan. Bàbá Ọ̀ṣunníyì wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka èyí tó kù fúnra wọn láti inú orí, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà nínú ìwé, títí wọ́n fi kà á tán. Ifákẹ́mi ní ewúrẹ́ wá ń jẹ àgbàdo inú àtẹ, kò sẹ́ni tó lé e.

Ẹ̀yìn náà ni Bàbá Akínladé béèrè pé, “Kí lo fẹ́ sọ fún ìyá mi lọ́jọ́ náà?”

Bàbá Ọ̀ṣunníyì ní, “Mo fẹ́ sọ fún un pé kó máa fi èmi ṣe ọmọ.”

Títí di òní tí mò ń kọ lẹ́tà yìí, Bàbá Akínladé kò tíì padà sí Ìlaròó. Màmá Nímọ́tà ti di aṣọ wọn sínú báàgì, wọ́n fi rán awakọ̀ Ìmẹ̀kọ sí wọn. Màmá fúnra wọn yà níbí lánàá, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ bóyá kí àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ mi tàbí kí àwọn gbé ìjà kò mí. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ wọlé jẹun.

Bá mi kí Bàbá Ẹ̀ríolúwa dáadáa, kí o sì bá mi kí àwọn ará ilé tí ẹ jọ wà. Mẹ̀dínátù ní kí n kí ọ, Alàgbà Oyèkúnlé náà ní kí n kí ọ. Mo fi ìwé ìròyìn kan sínú àpò lẹ́tà yìí. Fọ́tò náà wà láàárín, wò ó dáadáa kí o tó ka nǹkan kan.

Èmi tí ọ̀rọ̀ rẹ kì í sú,

Túnbọ̀sún